Èsè àlùkò mi di àwọ̀ àmàlà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí pípo ọ̀dà fún àwòrán òdòdó

Adódòdó_Tanke

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Tanke, nílùú Ìlọrin, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kó lọ sí ilé rẹ̀ tuntun ní Ọ̀fà, mo sì ti ṣèlérí fún un pé n óò ya àwòrán òdòdó tí yóò gbé kọ́ sí yàrá ìgbàlejò. Kánfáàsì náà fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga ní 90. Bougainvillea tó bo ògiri ọgbà wa ni mo fẹ́ yà, pẹ̀lú frangipani funfun díẹ̀ nísàlẹ̀ àti ewé púpọ̀ lẹ́yìn.

Páálí ọ̀dà ákírílíìkì kan tó ní àwọ̀ méjìlá ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé. Nígbà tí mo po pupa inú rẹ̀ mọ́ búlúù kí ó lè di èsè àlùkò, ohun tó jáde jọ àmàlà àná. Mo fi funfun sí i, ó di àwọ̀ eérú. Mo tún fi pupa kún un, ó di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ìdajì túùbù pupa ti lọ sínú òfò báyìí. Ṣé ọ̀dà náà ni kò dára ni, àbí ọwọ́ mi?

Olùkọ́_Ọnà, Òmù-Àrán

Àbúrò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ, a kò sì lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru ọ̀dà. Inú orúkọ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní èdè wa, pupa gba ohun púpọ̀ mọ́ra: pupa ni a ń pe epo, pupa ni a ń pe osùn, pupa ni a sì ń pe ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dúdú ṣe gba aró, ewé tútù àti èédú mọ́ra. Kò sí àbùkù níbẹ̀, nítorí bí a bá fẹ́ là wọ́n, a ní pupa fòò, a ní pupa rúsúrúsú, a sì lè fi ohun tí ojú mọ̀ ṣe àpèjúwe. Ṣùgbọ́n ọ̀dà inú túùbù kò mọ orúkọ tí a pè é. Ibi tí ó fì sí ló mọ̀.

Pupa kan wà tó fì sí yẹ́lò, irú èyí tí a ń rí lára ata rodo tó pọ́n. Pupa mìíràn wà tó fì sí búlúù, irú èyí tó wà nínú zobo tí a bá gbé ife rẹ̀ sókè sí oòrùn. Ti ata rodo ló wà nínú páálí rẹ. Nígbà tí o pò ó mọ́ búlúù, o rò pé àwọ̀ méjì ni o fi pàdé, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n, nítorí yẹ́lò ti fara pamọ́ sínú pupa náà kí o tó ṣí ọmọrí rẹ̀. Níbikíbi tí pupa, búlúù àti yẹ́lò bá ti pàdé, wọn a máa pa ẹwà ara wọn, wọn a sì di àwọ̀ ilẹ̀. Bí búlúù inú páálí náà bá tún jẹ́ irú èyí tó fì sí àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn.

Bí owó rẹ bá gba túùbù kan ṣoṣo, màjẹ́ńtà, ìyẹn pupa tó fì sí búlúù, ni kí o rà. Wo ẹ̀yìn túùbù náà dáadáa. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà gidi a máa kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, bí wọ́n bá sì kọ PR122 tàbí PV19, quinacridone ni lẹ́búlẹ́bú náà ń jẹ́, òun gan-an sì ni pupa oní-zobo tí ò ń wá. Bí owó bá gba túùbù kejì, ra búlúù Ultramarine, PB29, nítorí pé ó fì sí pupa. Màjẹ́ńtà ìwọ̀n mẹ́ta sí Ultramarine ìwọ̀n kan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì máa bu búlúù sí i díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi gbà á. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ búlúù, nítorí èyí tó ṣú ni a ń bù sínú èyí tó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà yóò po ọ̀dà tó tó kun ilẹ̀kùn kó tó rí àwọ̀ tó ń wá.

Ọmọ_Ìpàtà

Irú páálí yẹn gan-an ni mo ní. Ṣé kí n kúkú gbé e dànù?

Olùkọ́_Ọnà, Òmù-Àrán

Rárá o. Pupa yẹn ni yóò bá ọ ya pánṣẹ́kẹ́ nígbà tó bá tànná, kò sì sí màjẹ́ńtà tó lè ṣe iṣẹ́ náà fún ọ. Bí o bá po pupa yẹn mọ́ yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn tó ń jó bí iná ni yóò jáde, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo fẹ́ kí Adódòdó náà tọ́jú tirẹ̀, a ó lò ó lórí ọ̀rọ̀ ewé láìpẹ́.

Ọlọ́gbà_Màléte

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa òdòdó náà fúnra rẹ̀ kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó lára bougainvillea kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn ewé aláwọ̀ náà máa ń wà, òdòdó gidi sì ni àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn funfun tó dúró sáàárín wọn. Ẹ já ẹyọ kan lára ògiri yín, kí ẹ gbé e sí ojú oòrùn, ẹ ó rí i pé ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, pé iṣan rẹ̀ hàn, àti pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo ṣe ń sọ èyí ni pé ọ̀dà tó nípọn kì í ya ohun tó fẹ́lẹ́ dáadáa. Ọ̀dà quinacridone kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba inú ewé náà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi funfun ya àwọn ewé aláwọ̀ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, lẹ́yìn náà kí ẹ fi màjẹ́ńtà tó ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí rẹ̀. Bí èyí bá ti gbẹ, ẹ fi ìpele kejì sí ibi tí òjìji wà nìkan, kí ẹ sì po Ultramarine díẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà ákírílíìkì tó bá ti gbẹ kì í yọ́ padà sínú omi, nítorí náà ìpele òkè kò ní da ti ìsàlẹ̀ rú. Ẹ má kàn fi omi púpọ̀ là á, nítorí ohun tó ń lẹ ọ̀dà náà mọ́ kánfáàsì wà nínú rẹ̀, bí omi bá sì pọ̀ jù, agbára rẹ̀ a dín kù. Oje ákírílíìkì tí kò ní àwọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ medium sí lára, ló yẹ kí ẹ fi là á.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀dà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ẹ wo àpótí kékeré tí wọ́n yà sára túùbù. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n kùn pátápátá ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n kùn dé ìdajì sì wà láàárín méjèèjì.

Ọmọ_Aláró, Òrò

Ìyá ìyá mi pa aṣọ láró títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu ìkòkò aró rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ tó ṣì tutù. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró dà bí ewé, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù lójú rẹ, bí ó bá sì gbẹ, yóò tún mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà tó tutù lọ. Ọ̀dà ákírílíìkì yí èyí padà pátápátá: bí ó bá gbẹ, ńṣe ló máa ń ṣú sí i, nítorí oje tó wà nínú rẹ̀ funfun bíi wàrà nígbà tó tutù, ó sì máa ń mọ́ gaara bí ó bá gbẹ, funfun tó bá àwọ̀ náà jáde a sì lọ. Ìdí nìyẹn tí píńkì tí ẹ pò lówùúrọ̀ yóò fi dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló pò ó bó bá di ọ̀sán.

Mo máa ń gé páálí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, n óò fi àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá pò sí i lára, n óò kọ ohun tí mo bù àti iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n óò sì dúró kí ó gbẹ kí n tó fọwọ́ kan kánfáàsì. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n túùbù tí Adódòdó fi ṣòfò yẹn ì bá ṣì kún.

Adódòdó_Tanke

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí màjẹ́ńtà àti Ultramarine rà. Èsè àlùkò ti jáde, kò sì jọ àmàlà mọ́! Ìṣòro tó kù ni pé ọyẹ́ tó ń fẹ́ yìí kò jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́ lórí àwo. Kí n tó bu ìkejì, èyí àkọ́kọ́ ti di awọ. Bí mo bá sì tún un pò, kì í bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ayàwòrán_Ọ̀fà

Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ tó ní etí, ẹ tẹ́ fóòmù ìfọwo tó rin dáadáa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ bébà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń tẹ́ inú páànù sórí fóòmù náà. Lórí bébà yẹn ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Omi yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà náà kò sì ní tètè gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Àwọ̀ tó bá ṣe pàtàkì jù, ẹ pò ó lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó iṣẹ́ náà, kí ẹ sì dà á sínú ike ìpara kékeré tó ní ọmọrí. Èmi kì í po àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí mo bá ti lè yẹra fún un, nítorí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe déédéé tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dúdú inú páálí yẹn kan òdòdó yín. Dúdú a máa pa àwòrán òdòdó.

Olùkọ́_Ọnà, Òmù-Àrán

Mo fara mọ́ ọ lórí òdòdó, àbúrò, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ lórí ewé. Lóòótọ́, ẹni tó bá fi dúdú ṣe òjìji yẹ́lò yóò rí i pé yẹ́lò náà di àwọ̀ ewé gbígbẹ, yóò sì máa ṣe kàyéfì. Ṣùgbọ́n ohun tó ba òdòdó jẹ́ yẹn gan-an ni a ń wá nínú ewé. Yẹ́lò àti dúdú díẹ̀ ń mú àwọ̀ ewé tó dákẹ́ jáde, irú èyí tó wà lára ewé tó ti pẹ́ lórí igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí àwọ̀ ewé inú túùbù tó jọ ọ́. Ohun tí mo kọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó máa sá lọ bá dúdú nígbà gbogbo tó bá ń wá òjìji.

Adódòdó, àwọ̀ ewé ọ̀nà méjì ni kí o pò. Fún ewé tó wà níwájú, po yẹ́lò tó jọ èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ búlúù phthalo, PB15, ṣùgbọ́n orí igi ìtayín ni kí o fi bu búlúù náà, nítorí agbára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Àwọ̀ tó máa jáde yóò tutù yọ̀yọ̀ débi pé ojú kò ní gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni pupa inú páálí rẹ ti wúlò: fi ẹ̀kán kan péré sí i, àwọ̀ ewé náà yóò sì wálẹ̀. Yẹ́lò tó ba èsè àlùkò rẹ jẹ́ kò lè ba èyí jẹ́, nítorí yẹ́lò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ewé tó wà lẹ́yìn, yẹ́lò àti dúdú ti tó.

Ayàwòrán_Ọ̀fà

Mo gbà, sà. Lórí ewé nìkan.

Ahunṣọ_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹni tó jókòó sídìí òfì dá sí i. Òwú tí mo bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í po pọ̀ bí ọ̀dà, síbẹ̀ wọ́n ń yí ara wọn padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ìlà òwú píńkì tó wà láàárín ẹtù a máa tàn ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ẹtù ṣú, ó sì dákẹ́. Bí mo bá fi ìlà kan náà sáàárín àlàárì, ńṣe ni yóò sá pamọ́. Bí mo bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú àwọ̀ ewé tó tàn bíi tirẹ̀, àwọn méjèèjì yóò máa jó lójú títí tí orí yóò fi máa fọ́ ẹni tó ń wò ó.

Màjẹ́ńtà àti àwọ̀ ewé dojú kọ ara wọn ni. Nítorí náà, bí arábìnrin wa bá fẹ́ kí bougainvillea náà jẹ́ ọba lórí kánfáàsì, kí ewé má ṣe dé adé. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí lẹ́yìn àwòrán náà jẹ́ àwọ̀ ẹtù tí a ti fi funfun àti búráwùn díẹ̀ rọ̀ lójú, kí àwọn ewé sì máa yọ jáde láti inú rẹ̀ bí ẹni ń ti inú òkùnkùn bọ̀. Ibi tí ewé bá ti kan òdòdó nìkan ni kí àwọ̀ rẹ̀ ti tutù. Ẹ lè sọ pé ojú aláṣọ ni mo fi ń wò ó. Òótọ́ ni.

Ọmọ_Ìpàtà

Ọ̀dà ògiri funfun kù nínú ike ńlá kan nílé wa. Ṣé a kò lè fi í dípò túùbù funfun?

Ayàwòrán_Ọ̀fà

Ẹ má ṣe é. Ẹfun inú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tí ẹ bá pò mọ́ ọn ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ lórí okùn. Funfun Titanium, PW6, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ra túùbù ńlá, nítorí funfun ló máa ń tètè tán.

Adódòdó_Tanke

Mo ti ya bougainvillea náà tán ní ìpele méjì bí Ọlọ́gbà ṣe wí, ojú mi sì gbà á. Frangipani ló kù. Mo fi funfun kùn ún láti orí dé ìdí, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn gé bébà lẹ̀ mọ́ kánfáàsì. Mo fi dúdú díẹ̀ ṣe òjìji rẹ̀ (ẹ má bínú), ó dà bí ẹni pé ó dọ̀tí. Alẹ́ ni mo sì ń ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọmọ_Aláró, Òrò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi alẹ́ sílẹ̀ ná. Lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n, ojú kì í lè ya yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, búlúù a sì máa ṣú. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ní ti funfun, ẹ rántí búlúù tí àwọn ìyá wa máa ń fi ṣan aṣọ funfun lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Aṣọ tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yóò tún funfun báláú, nítorí pé búlúù díẹ̀ ti pa yẹ́lò tó wà lára rẹ̀. Ultramarine ni wọ́n fi ń ṣe irú búlúù ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ohun kan náà tó wà nínú túùbù yín. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ po ti ìfọṣọ mọ́ ọ̀dà o, èròjà mìíràn wà nínú rẹ̀.) Òjìji funfun kì í ṣe dúdú. Ẹ bu funfun púpọ̀, ẹ fi Ultramarine ẹ̀kán kan àti búráwùn Burnt Sienna tó kéré ju ẹ̀kán lọ sí i, ẹ ó rí àwọ̀ eérú tó mọ́, tó tutù lójú. Ìyẹn ni kí ẹ fi ya ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewé òdòdó frangipani náà. Funfun gidi, ẹ fi pamọ́ fún etí tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn nìkan.

Olùkọ́_Ọnà, Òmù-Àrán

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Fún yẹ́lò àárín rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yẹ́lò tó gbóná ní ìdí òdòdó náà, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó rin fà á síta kí funfun tó gbẹ, kí wọ́n lè wọ inú ara wọn. Nínú ọyẹ́ yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni o ní. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ni kí o máa ṣe tán kí o tó bọ́ sórí òmíràn.

Adódòdó_Tanke

Ó ti parí. Nígbà tí mo gbé e sí ojú ọ̀nà yàrá, ọmọ mi fọwọ́ kan bougainvillea náà láti mọ̀ bóyá mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wá gbé e lọ sí Ọ̀fà. Ṣé kí n fi ọ̀rá dì í kí eruku má bàa bà á?

Ayàwòrán_Ọ̀fà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rá kan ojú rẹ̀. Bí ọ̀dà ákírílíìkì tilẹ̀ ti gbẹ, ooru inú ọkọ̀ a máa mú kí ó rọ̀, ọ̀rá a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bébà kéèkì tí ẹ fi po ọ̀dà yẹn, èyí tó kù tí ẹ kò tíì lò, òun ni kí ẹ tẹ́ sójú rẹ̀, kí ẹ tó fi aṣọ yí i lóde. Kí ẹ̀gbọ́n yín gbé e dúró lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, kí wọ́n má ṣe gbé ohunkóhun lé e lórí.